Tout va bien: ẹ wo fíìmù sítíráìkì yìí títí dé supamákẹ́ẹ̀tì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fíìmù Faransé kan tó ń jẹ́ Tout va bien wò. 1972 ni Jean-Luc Godard àti Jean-Pierre Gorin gbé e jáde, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn May 1968 tí òṣìṣẹ́ bíi mílíọ̀nù 10 daṣẹ́ sílẹ̀ ní Faransé. Kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ọwọ́ ẹnì kan lẹ máa kọ́kọ́ rí, ó ń sáìnì sọ̀wédowó, ó ń já a lọ́kọ̀ọ̀kan, tòṣèré rèé, tàwọn tó ń yà á rèé. Mo fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò fowó tó wà ńdìí ẹ̀ pa mọ́ fún wa.

Jane Fonda ṣe oníròyìn rédíò ará Amẹ́ríkà, Yves Montand ṣe ọkọ ẹ̀ tó ti ń ṣe fíìmù tẹ́lẹ̀ àmọ́ tó jẹ́ ìpolówó ọjà ló ń yà báyìí. Wọ́n lọ rí ọ̀gá iléeṣẹ́ sọ́séèjì kan, bí wọ́n ṣe débẹ̀ báyìí àwọn òṣìṣẹ́ ti ti ọ̀gá mọ́ ọ́fíìsì, ni wọ́n bá ti àwọn náà mọ́ ọn. Àwọn tó ya fíìmù yọ ògiri iwájú ilé yẹn kúrò pátá, tòkè tìsàlẹ̀ lẹ ń rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtọ̀ wá ń gbọ̀n ọ̀gá, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òṣìṣẹ́ máa ń rí lọ ṣe tiwọn náà ni wọ́n fún un, ọ̀rọ̀ yẹn sì parí sí kó fọ́ fèrèsé. Ẹni tó bá mọ hàáfù sálárì l'Òṣogbo níbí ò nílò àlàyé lórí ohun tó ń bí wọn nínú.

Ibi tí ọ̀gá àti ẹni yúníọ̀nù ti kọjú sí kámẹ́rà tí wọ́n ń rojọ́ gùn jù, gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ sì ń sáré.

Àmọ́ supamákẹ́ẹ̀tì! Bí ìṣẹ́jú 10 ni kámẹ́rà fi ń rìn lẹ́yìn àwọn kaṣíà, ó lọ ó bọ̀, wọn ò gé e rárá, kaṣíà ń tẹ ẹ̀rọ, èèyàn ń sanwó, ọkùnrin ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì kan ń polówó ìwé ẹgbẹ́ wọn pé owó ẹ̀ ti wálẹ̀, bí ẹni ń ta àlùbọ́sà, afi káwọn ọ̀dọ́ kan wọlé tí wọ́n ń pariwo pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, làwọn èèyàn bá ń ti tírólì wọn lọ síta, kọ́lọ́pàá tó dé pẹ̀lú kóńdó. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe kaṣíà níbì kan nígboro níbí ní kí n dá a padà sẹ́yìn, ọwọ́ àwọn obìnrin yẹn ló ń wò, ó ní bọ́wọ́ òun náà ṣe ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, tówó ò bá sì pé nírọ̀lẹ́ inú owó oṣù òun ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé iléeṣẹ́ sọ́séèjì ọ̀hún ò tíì tán nínú fíìmù yìí, ó kàn ṣí wá síbi tí wọ́n ti ń ta sọ́séèjì ni.

Ẹ má sọ pé tòyìnbó nìyẹn o. Baba Hubert Ogunde ṣe Strike and Hunger lórí ìtàgé ní 1945, ọdún tí òṣìṣẹ́ reluwé àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ gọ́mìnà daṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà nítorí oúnjẹ tó wọ́n.

Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ wò ó lórí kọ̀ǹpútà, fóònù kéré jù fún ilé tí wọ́n là yẹn. Àbúrò mi ti gbà á sí flash, ó fẹ́ kó o lọ fáwọn tí wọ́n jọ ń dúró ní káńtà.