Microsoft Office tàbí LibreOffice: èwo ló yẹ ọ́fíìsì yín ní Òṣogbo?

Ọ̀fẹ́ ni LibreOffice, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ìwé, tí wọ́n sì fi ń ṣírò bíi Microsoft Office, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà kan tàbí 40, ẹ sì láṣẹ láti fi ṣòwò. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń sanwó Office. Fáìlì tó ń ti ìta wọlé ló ń fà á.

Ẹ wo agbaṣẹ́ṣe tó wà ní Òkè-Fíà, tó ń kọ tẹ́ńdà sí ìjọba. Docx, irú fáìlì tí Word ń lò, ni fọ́ọ̀mù náà dé, docx ni wọ́n máa gbà padà. LibreOffice á ṣí i, á sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, ló máa ń da nǹkan rú. Carlito ló ń fi rọ́pò Calibri, Caladea ló ń fi rọ́pò Cambria. Fífẹ̀ lẹ́tà wọn bára mu, ìlà kì í yẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n Aptos, tí Word ń lò láti 2023, kò ní irú arọ́pò bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé 4 á di 5, ààyè ìbuwọ́lùwé á dá nìkan wà lójú ìwé tó kẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ní tún ìwé náà kọ, ẹ fi PDF ránṣẹ́, wàhálà tán.

Ti ìṣirò owó le jù. Ìlà 1,048,576 ni Excel àti Calc, èyí tó dúró fún Excel nínú LibreOffice, ní; fọ́múlà SUM àti VLOOKUP ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Fọ́múlà XLOOKUP dé inú Calc ní ẹ̀dà LibreOffice 24.8, ẹ̀dà tó ṣáájú á kọ #NAME? sí i, ìyẹn ni pé kò mọ̀ ọ́n. Macro, àwọn àṣẹ tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra wọn, tí wọ́n fi VBA, èdè ètò ti Office, kọ, òmíràn á ṣiṣẹ́, òmíràn á kú. Power Query àti Power Pivot, irinṣẹ́ Excel fún kíkó dátà jọ àti títú u wò, ò sí nínú Calc rárá. Akáúńtáǹtì tó bá ń lò wọ́n, ẹ ra Office fún un, ẹ má bá a jiyàn.

Ẹ rántí pé bí owó Microsoft 365 bá tán, ẹ ó ṣì lè ka fáìlì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde, àmọ́ ẹ ò ní lè tún un ṣe. Office 2024 tí wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í tán, kọ̀ǹpútà kan ló sì wà fún. Èyí tí ẹni tó ta kọ̀ǹpútà bá fi ṣe èènì ńkọ́? Kíráàkì, ìyẹn ayédèrú tí wọn ò sanwó rẹ̀, ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus kó tó wọlé, ẹ sá fún un.

Akọ̀wé tó ti mọ Word lè máa kùn sí LibreOffice. Ẹ lọ sí View, User Interface, kí ẹ mú Tabbed. Á jọ èyí tó mọ̀. Lẹ́yìn náà, ní Tools, Options, Load/Save, General, ẹ jẹ́ kó máa tọ́jú ìwé bíi docx fúnra rẹ̀, kí oníbàárà má bàa gba odt, irú fáìlì ti LibreOffice fúnra rẹ̀, tí kò mọ bí yóò ṣe ṣí i.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mú fáìlì 3 tó ṣòro jù lọ́fíìsì yín. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde láti inú Word àti láti inú LibreOffice, ẹ gbé bébà méjèèjì lérí ara wọn, kí ẹ nà wọ́n sí ìmọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ìlà àwọn ìwé rẹ̀ bá bára mu, ẹ má sanwó Office lé e lórí.