Fáàfù àbí dáyóòdù: èwo ni kó máa yí iná padà nínú ańpílífáyà yín?

Méjèèjì ni mo ti lò. Fáàfù GZ34, irú ìgò gíláàsì kan tó máa ń gbóná, ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ́kítífáyà, ìyẹn yíyí iná AC padà sí DC, nínú ańpílífáyà gìtá tòkunbọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà. Èyí tí mo ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbarà báyìí, dáyóòdù 1N4007, nǹkan kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ló wà nínú rẹ̀.

Ohùn ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè, òótọ́ sì ni pé wọn ò jọra. Tí ẹ bá fagbára ta okùn gìtá, fóltì á wálẹ̀ díẹ̀ lára fáàfù. Ohùn á rì, á tún gbérí. GZ34 máa ń jẹ bíi fóltì 17 nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, 5Y3, fáàfù mìíràn, lè jẹ tó 50. Dáyóòdù kì í jẹ ju bíi 1 lọ, ohùn rẹ̀ sì máa ń já geere, bí onígìtá jùjú ṣe ń fẹ́ ẹ.

Iná ni kí ẹ rò dáadáa. Nílùú yìí, iná lè lọ kó sì dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Fáàfù ṣì gbóná, àmọ́ iná ti gbẹ nínú kàpásítọ̀, ìyẹn ohun tó ń kó iná pamọ́. Bí iná bá ṣe dé, kàpásítọ̀ á fà á lójijì gba inú fáàfù kọjá. Bí kàpásítọ̀ yẹn bá ṣe tóbi tó ni ìyà fáàfù ṣe máa pọ̀ tó.

Mo gbé tèmi fún ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe, torí pé ó ń kùn. Ó yọ kàpásítọ̀ àkọ́kọ́, ó fi ti máíkírófáràdì (ìwọ̀n bí kàpásítọ̀ ṣe tóbi tó) 100 síbẹ̀. GZ34 ò gbọ́dọ̀ rí ju 60 lọ. Kíkùn náà dá, mo sì yìn ín. Lálẹ́ ìṣọ́ òru kan, iná lọ ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, nǹkan kọ mànà bíi búlúù nínú gíláàsì yẹn, òórùn fáníìṣì tó ń jó sì gba ẹ̀yìn ańpílífáyà jáde. Ẹnì kan ti fi fíúùsì tó nípọn jù síbẹ̀ kí n tó rà á, kò já. Taransífọ́mà ló jó. Owó tí wọ́n fi tún un wé sún mọ́ ìdajì owó tí mo ra gbogbo ẹ̀.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ ti fáàfù lẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí ọlọ́jà ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà ara kàpásítọ̀ àkọ́kọ́, ẹ wo fíúùsì. Tí ẹ bá ti rà á, kí oníṣẹ́ to 1N4007 méjì tàbí mẹ́ta léra wọn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹsẹ̀ méjì tí iná taransífọ́mà ń gbà wọ fáàfù, kí iná má baà padà sẹ́yìn bí fáàfù bá ṣọ́ọ̀tì.

Ooru: fáàfù máa ń gbóná, dáyóòdù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Rírà: dáyóòdù wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ rédíò gbogbo, fáàfù lẹ máa ránṣẹ́ sí.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kàn yọ 5Y3 kí wọ́n fi dáyóòdù rọ́pò rẹ̀. Fóltì á gòkè, ó sì lè ju agbára kàpásítọ̀ lọ.

Wọ́n ní dáyóòdù máa ń sáré fi gbogbo fóltì lé àwọn fáàfù ńlá tó ń gbé ohùn jáde lórí kí wọ́n tó gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò tíì ba fáàfù mi kankan jẹ́.

Ẹni tó ní íńfátà tó dáa nílé, tó sì fẹ́ràn ohùn tó ń rì tó ń gbérí, kó ra ti fáàfù, kò burú. Ẹni tó ń gbé tirẹ̀ kiri òde, ti dáyóòdù ni kó wò. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹrin nígbà tí a ń kọrin ìyìn. Gbogbo ìgbà tó dé, gìtá mi bá wọn wọlé.