Rìímù 15, 16 tàbí 17 fún Corolla: èwo ni kí ẹ rà bí kòtò bá fọ́ ọ̀kan?

Ẹni tó bá ń wa Corolla ọdún 2009 sí 2013 ní ìlú wa mọ bí kòtò ṣe ń fojú rìímù rí màbo. Bí mọ́tò yín bá ń lo 16 (ínṣì ni wọ́n fi ń wọn rìímù), tí ọ̀kan là, tí ẹ dé Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Mushin, ọlọ́jà lè ní 16 ti tán, kí ẹ gbé 15 tàbí 17. Kò parọ́ pé wọ́n lè wọlé: Toyota fúnra rẹ̀ lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mọ́tò yìí, oríṣi Corolla kan sí òmíràn.

15: táyà 195/65R15, gíga 634 mm, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ 127 mm
16: táyà 205/55R16, gíga 632 mm, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ 113 mm
17: táyà 215/45R17, gíga 625 mm, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ 97 mm

Gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ wò, torí òun ló ń gba ìyà kòtò kó tó kan rìímù. 17 rẹwà, ó sì ń di títì mú dáadáa ní kọ́nà, ṣùgbọ́n 97 mm kéré lójú kòtò tí omi òjò ti bò. Fún títì tiwa, 15 ni èmi á rà.

Àmọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ rà o. Ẹ má gbé 15 kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ 16. Fífẹ̀ táyà méjèèjì yàtọ̀, líle rọ́bà wọn yàtọ̀. Bí ẹ bá tẹ bírékì lórí títì tó tutù, mọ́tò lè fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí owó mẹ́rin kò bá sí, ẹ fara balẹ̀ wá 16 tòkúnbọ̀ kan tó bá tiyín mu. Kí ẹ tó sanwó 15, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ gbé rìímù òfìfo kan síwájú, kó yí i, kó rí i pé kò kan bírékì.

Ẹ má gba “16 ni 16” lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ni Corolla àti Camry ń lò, ṣùgbọ́n 5x100 (ihò márùn-ún lórí òbírí tó fẹ̀ tó 100 mm) ni ti Corolla Amẹ́ríkà ọdún wọ̀nyí, 5x114.3 ni ti Camry. Rìímù Camry kò ní wọlé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lu ihò tuntun sí i. Táyà Camry, 215/60R16, á wọ rìímù yín, ìyẹn ló léwu: gíga rẹ̀ tó 664 mm. Bí míítà bá ń pe 100, 105 lẹ ń sá.

Ti 15 onírin tún dára ní ti pé bó bá tẹ̀, wọ́n lè lù ú tọ́. Àlọ́ì máa ń là ni, àwọn kan á jó o pọ̀, wọ́n á kùn ún, wọ́n á tún tà á. Ẹ wo inú rìímù, níbi tí ọ̀dà kò ti dán, kí wọ́n sì yí i lórí ẹ̀rọ bálánsì lójú yín. Nọ́ọ̀tì àlọ́ì Toyota, èyí tó gùn tó sì ní wọ́ṣà pẹlẹbẹ, kò bá rìímù onírin mu. Ẹ ra ogún nọ́ọ̀tì olórí ṣóṣóró mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ pé táyà tòkúnbọ̀ ló wà lára rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.