Mo ra kásẹ́ẹ̀tì ìnu hẹ́ẹ̀dì fídíò, mo tún ra igi aláwọ: èyí tó ṣiṣẹ́ rèé

Ìyá mi ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí n bá òun gbé ìgbéyàwó òun àti bàbá mi, ti ọdún 1993, kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì VHS sórí kọ̀ǹpútà. Mo fa ẹ̀rọ fídíò wa jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Ìlù ń dún ketekete, ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n funfun báláú bí ẹni da gààrí sí i. Ibẹ̀ ni mo ti fura pé hẹ́ẹ̀dì àwòrán, ohun kékeré tó ń ka tẹ́ẹ̀pù, ló dọ̀tí, torí ohùn ní hẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó ń ka àwòrán wà lára irin roboto tó ń yí nínú lọ́hùn-ún.

Kásẹ́ẹ̀tì ìnu hẹ́ẹ̀dì gbígbẹ, èyí tí a kì í da nǹkan olómi sí, ni mo kọ́kọ́ rà. Ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tẹ play, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, ẹ yọ ọ́. Àwòrán yọ fírí, ó tún pòórá. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, pàbó. Mi ò dán an wò lẹ́ẹ̀kẹta, torí tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀ rí háráhárá. Bó ṣe ń ha ìdọ̀tí náà ló ń ha hẹ́ẹ̀dì. Fún ìdọ̀tí fẹ́ẹ́rẹ́, ó dára. Tiwa ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Ni mo bá ra igi aláwọ, awọ rírọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí igi pẹlẹbẹ, pẹ̀lú isopropyl alcohol 99%, ìyẹn ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan. Mo yọ wáyà kúrò lára iná, mo tú ìdérí. Irin roboto náà ń dán bíi dígí, ó fẹ̀ tó 62 mm, ó fì sápá kan díẹ̀. Hẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ kò tó hóró ìrẹsì, ó sì rọrùn-ún kán. Mo rẹ awọ náà, mo fi kan ara irin yẹn jẹ́jẹ́, mi ò mi ọwọ́ yẹn rárá. Ọwọ́ kejì ni mo fi ń yí irin náà láti òkè. Ẹ má ṣe nù ún lọ sókè sódò o! Ibi tí hẹ́ẹ̀dì ti ń kán nìyẹn. Nígbà tí mo gbé awọ náà kúrò, ìlà dúdú kan ti wà lórí rẹ̀, bíi tìróò.

Bàbá mi máa ń fi òwú àti lọ́fínńdà nù ún láyé ọjọ́un. Orí ló yọ fídíò yẹn, torí fọ́nrán òwú lè há sí etí hẹ́ẹ̀dì kó sì fà á ya. Ẹ ṣọ́ èyí tí ẹ ní o: láti ọdún 2016 tí Funai, ilé-iṣẹ́ Japan tó ṣe é kẹ́yìn, ti dáwọ́ dúró, kò sẹ́ni tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò tuntun mọ́.

Àléébù kan: nínú igi márùn-ún, awọ ọ̀kan ṣí kúrò. Mo sọ ọ́ nù.

Mo jẹ́ kó gbẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwòrán mọ́ kedere, àfìgbà tí mo ti kásẹ́ẹ̀tì àǹtí mi bọ̀ ọ́, tí nǹkan funfun ti hù lára tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ bíi búrẹ́dì tó ti bu. Iṣẹ́ tún di ọ̀tun.

Ìyá mi ní kí n dá a dúró níbi tí wọ́n ti ń ná òun lówó. Gbogbo ọdún yìí ló ti ń sọ pé gèlè búlúù lòun wé. Àwọ̀ ewé ni.