Táyà wo ló yẹ Boxer tó ti gbó? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ pààrọ̀

Ọ̀kadà tí mo ń gùn láti Mọníyà, n'Ìbàdàn, lọ síbi iṣẹ́, Bajaj Boxer 100 ni, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá lọ́wọ́ mi. Mo ti pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ti iwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kábàámọ̀, ìyẹn lọ́jọ́ tí mo ra èyí tí orúkọ rẹ̀ tóbi jù. Màá délẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn.

Nọ́ńbà la kọ́kọ́ ń wò. Lára táyà iwájú Boxer 100 ẹ ó rí 2.75-17, lára ti ẹ̀yìn 3.00-17. Èyí àkọ́kọ́ ni ìbú táyà, ìkejì ni ìwọ̀n rímù, ínǹṣì ni méjèèjì. Rímù 18 ló wà níwájú Honda CG125 ní tiẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ojú díwọ̀n. Ẹ ka ohun tó wà lára táyà tí ẹ fẹ́ yọ. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíì lẹ ti ra ọ̀kadà, ẹ wo ìwé rẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ti ki èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ bọ̀ ọ́.

Àwọn kan fẹ́ kí ẹ̀yìn ó sanra, wọ́n á ní kí wọ́n fún àwọn ní 3.50. Ó máa ń wuyì lójú lóòótọ́. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì 100 cc ni: táyà tó wúwo á máa fà á sẹ́yìn, epo á máa lọ, táyà náà sì lè máa ha ìbòrí ṣéènì. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ sí i.

4PR àbí 6PR?

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Táyà méjì lè jẹ́ 3.00-17, kí wọ́n jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan jẹ́ 4PR, kí èkejì jẹ́ 6PR. PR ń sọ bí okun inú táyà ṣe lágbára tó, ti 6PR ló lágbára jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4PR ẹ ó tún rí 45P, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 6PR ẹ ó rí 50P. 45 yẹn ń sọ pé ẹrù tí táyà lè gbé kò ju 165 kìlò lọ. 50 ń sọ pé 190. P ní tirẹ̀ ni eré tó lè sá mọ, 150 kìlómítà ní wákàtí kan. Boxer 100 kò lè débẹ̀ láéláé, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ẹrù, kì í ṣe ìṣirò ilé ẹ̀rọ o, ìṣirò ojú títì ni. Ọ̀kadà fúnra rẹ̀ ń lọ bíi 110 kìlò, ká ní ìdajì wà lẹ́yìn: 55. Ẹni tó ń gùn ún wọ̀n 75, bíi 45 nínú rẹ̀ á bọ́ sí táyà ẹ̀yìn. Ẹni tó gbé sẹ́yìn wọ̀n 70, orí táyà ẹ̀yìn sì ni gbogbo ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán. Ó di 170. Èèyàn kan ṣoṣo ló gbé o, a ò tíì dé àpò gaàrí, 45P ti gbé ju agbára rẹ̀ lọ. 50P ṣì ní 20 kìlò nílẹ̀.

Ẹni tó ń dá gùn ún lọ síbi iṣẹ́ lè fi 4PR ṣe é, ara rẹ̀ á tiẹ̀ tù ú nínú kòtò ju 6PR lọ, torí 6PR máa ń le. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbé ìyàwó, ọmọ tàbí èrò, ẹ má wulẹ̀ yẹ 4PR wò fún ẹ̀yìn. Níwájú, 2.75-17 tó ní 41P ń gbé 145 kìlò, ó sì tó o gbé.

Eyín táyà

| Ojú ọ̀nà | Onílà gígùn | Eléyín kéékèèké | Eléyín gàgàrà |
|---|---|---|---|
| Títì gbígbẹ | Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ | Ó dára | Ó ń gbọ̀n, ó ń tètè jẹ |
| Títì tí òjò rọ̀ sí | Ó dára | Ó dára jù | Ó ń yọ̀ |
| Ẹrẹ̀ àti ilẹ̀ pupa | Ẹrẹ̀ á dí i pa | Ó ń gbìyànjú | Òun ló ni ibẹ̀ |

Onílà gígùn, iwájú ni wọ́n ṣe é fún, ẹ má fi sẹ́yìn. Láti Mọníyà dé Mọ́kọ́lá, títì ọlọ́dà ni mo ń gbà, àfi ibi kékeré tó wọ àdúgbò wa. Eléyín kéékèèké ni mo fi sí méjèèjì. Ẹni tó ń lọ sóko lójoojúmọ́ ló ni eléyín gàgàrà. Ọmọ ìgboro tó ń rà á, ariwo rẹ̀ ló ń rà.

Orúkọ àti ọjọ́ orí

Orílẹ̀-èdè wa ti ṣe táyà rí. Michelin wà ní Port Harcourt kó tó kógbá sílé ní 2007, Dunlop náà wà ní Ìkẹjà. Lónìí, orí omi ni táyà wa ń gbà dé. MRF, TVS àti CEAT ń ti Íńdíà bọ̀, CST jẹ́ ará Taiwan, ti Ṣáínà sì pọ̀ bí ewé. MRF Nylogrip ni mo sábà ń rà sẹ́yìn, torí ó ń pẹ́ lábẹ́ ẹrù. Michelin City Pro wọ́n jù ú lọ, wọ́n fi ìpele okun kún un kí ìṣó má tètè wọlé. Fún iwájú, bí owó bá wà, òun ni màá mú.

Ṣùgbọ́n orúkọ kì í dáàbò bo táyà lọ́wọ́ oòrùn. Ní 2021, mo ra táyà olórúkọ ńlá kan ní Àráròmí, ní Gate. Ó ń dán gbinrin, owó rẹ̀ sì rọjú, mo rò pé orí ló bá mi ṣe é. Ìgbà tí fọkanáísà fẹ́ ki í bọ rímù ló fi àtàǹpàkò nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oríṣi dúdú kan bíi pólíìṣì bàtà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, nọ́ńbà mẹ́rin sì yọ: 1415. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, táyà yín ti tó ọmọ tó ń lọ síléèwé." Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Mo ní kó fi sí i bẹ́ẹ̀, owó ti lọ. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ilà wẹ́wẹ́ bí irun fi ń là láàárín eyín rẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ló sì gbé mi ṣubú ní Ojóò.

Láti ìgbà yẹn, bí mo bá dé ọjà, nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ni mo ń wá kí n tó béèrè iye. Bó bá ti lé ní ọdún mẹ́ta, mo ń gbé e padà. Mo tún máa ń tẹ̀ ẹ́ kó là láàárín eyín, kí n fi èékánná tẹ rọ́bà rẹ̀: èyí tó ṣì tutù á gbà èékánná díẹ̀, èyí tó ti gbẹ á le bí igi. Táyà Ṣáínà tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ ẹ ju olórúkọ ọlọ́dún mẹ́fà lọ. Ti àlòkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Tíúbù

Rímù onísípóòkù kò lè gba táyà tí kò ní tíúbù, torí afẹ́fẹ́ á máa gba ìdí sípóòkù jáde. TT, ìyẹn táyà onítíúbù, ni kí ẹ wá lára táyà. TL, èyí tí wọ́n ṣe láti lò láìsí tíúbù, náà ṣeé lò bí ẹ bá ki tíúbù sí i, àmọ́ ó máa ń le lọ́wọ́ fọkanáísà ẹ̀bá títì. TT láìsí tíúbù, rárá o.

Tíúbù butyl ń di afẹ́fẹ́ mú fún ìgbà pípẹ́. Ti rọ́bà àdánidá ń tètè rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń nà kó tó ya. Èmi tí mi ò kì í rántí géèjì, butyl ni mò ń rà, tuntun, pẹ̀lú táyà tuntun.

Bí owó bá tó ẹyọ kan

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ra tuntun sẹ́yìn, wọ́n á sì gbé èyí tó ti pá lọ síwájú. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ẹ ṣì lè fi ẹsẹ̀ gbà á. Bí iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ lẹ ó ti mọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ TWI sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: bí eyín bá ti bá òkè kékeré tó wà nínú ihò rẹ̀ dọ́gba, táyà yẹn ti parí, ì báà wà níwájú ì báà wà lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n bá ń fi í sí i, ẹ dúró tì wọ́n. Ọfà ara táyà gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí kẹ̀kẹ́ ń yí sí, kí omi ọṣẹ sì wà nílẹ̀, torí sukurudíráfà tí wọ́n fi ń ti táyà ló ń gé tíúbù tuntun. Afẹ́fẹ́ iwájú 25 PSI lórí géèjì, ẹ̀yìn 28 bí ẹ bá dá gùn ún, 32 bí ẹ bá gbé èèyàn. Ara táyà tuntun máa ń yọ̀, ẹ rọra tẹ bíréèkì fún bíi 150 kìlómítà àkọ́kọ́.