Proxmox: gúrúùpù ni kí ẹ fún láṣẹ

Proxmox VE ni sọ́fítíwíà tí mo fi ń darí àwọn VM (kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi) ibi iṣẹ́ wa. Ilé iṣẹ́ kan ní Vienna, ní Austria, ló ṣe é. Ọdún 2008 ló kọ́kọ́ jáde, Debian, ẹ̀yà Linux kan, ló sì jókòó lé. Ọ̀fẹ́ ni, bí ẹ bá lè fara da ìkìlọ̀ pé ẹ kò san owó àsansílẹ̀ tó ń yọjú bí ẹ bá ti wọlé. Ó ti mọ́ èmi lójú.

Abala Permissions, ibi tí a ti ń pín àṣẹ, ni mo tìtorí rẹ̀ ń kọ èyí. Ibi tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá ti ń fi root, àkáǹtì tó láṣẹ lórí ohun gbogbo, wọlé, wọ́n fi iná sórí òrùlé sùn ni. Mo dá gúrúùpù kan sílẹ̀ fún àwọn dẹfẹlọ́pà, mo kó VM wọn sínú pool kan (àpò tí a ń kó VM pọ̀ sí), mo wá fún gúrúùpù náà ní ipò (Role) PVEVMUser, àkójọ àṣẹ tí Proxmox ti ṣe sílẹ̀, lórí pool ọ̀hún. Ó tán. Ẹni tó bá wọlé nínú wọn, VM tiwọn nìkan ló máa rí. Ti ẹ̀ka ìṣirò owó kò tilẹ̀ hàn sí i. Ó lè tan VM, ó lè pa á, ó lè ṣí console (ojú VM náà). Ó lè ṣe backup náà, bí ẹ bá tún fún un ní àṣẹ Datastore.AllocateSpace lórí storage tí backup ń lọ. Ṣùgbọ́n kò lè yọ ọ́ dànù, kò sì lè bu RAM kún un. VM tuntun tí mo bá jù sínú pool náà, àṣẹ ti ń dúró dè é níbẹ̀.

Ibi tó kù sí ni pé PVEVMUser kò gba snapshot (àwòrán ipò tí VM wà, tí a lè padà sí), bẹ́ẹ̀ dẹfẹlọ́pà wo ni kò ní fẹ́ ya snapshot kó tó ṣe update? PVEVMAdmin gbà á, àmọ́ ẹni tó bá ní ipò yẹn lè pa VM rẹ́ pátápátá. Ẹ dá Role tiyín sílẹ̀: ẹ kó àwọn àṣẹ PVEVMUser síbẹ̀, kí ẹ fi VM.Snapshot àti VM.Snapshot.Rollback kún un.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí o: bí ẹ bá fún ẹnì kan láṣẹ ní orúkọ ara rẹ̀ lórí pool yẹn kan náà, àṣẹ gúrúùpù kò ṣiṣẹ́ fún un mọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń lé sí i, ńṣe ló ń rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní password, ẹ yan orúkọ rẹ̀ lábẹ́ Users, kí ẹ tẹ bọ́tìnì Permissions. Gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé máa jáde síta.