Òórùn Ohun Tó Ń Jó Nínú Ọkọ̀: Iṣẹ́ Mẹkáníìkì Kan ní Ìbàdàn

Ohun tí mo fẹ́ gbóríyìn fún nípa ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí mo gbé Corolla ọdún 2005 mi lọ ní Ìbàdàn ni pé wọn kì í mú sípánà kí wọ́n tó mọ ibi tí òórùn ti ń wá. Bí mo bá ti wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni òórùn ohun tó ń jó máa ń gba ojú éèsì wọlé, bí ọkọ̀ bá sì ti ń sáré ni yóò pòórá. Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ ti ní kí n ra mọ́tò bílówà tuntun, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn éèsì wọ inú ọkọ̀, láìtilẹ̀ ṣí bónẹ́ẹ̀tì wò.

Ìbéèrè ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Mà, ṣé bíi rọ́bà ni ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, àbí bí epo, àbí bíi wáyà?” Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Òórùn rọ́bà sábà máa ń wá láti ara bẹ́líìtì tó ń yọ̀ tàbí púlì tó ti gan. Òórùn ike tó ń yọ́ jẹ́ ti wáyà. Èyí tó ń ta ni nímú lẹ́yìn tí a bá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè jẹ́ ti bíréèkì. Òórùn dídùn ni ti kúláǹtì tó ń jò, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń bu omi lásán sí rédíétọ̀, òórùn yẹn lè má jáde rárá. Ó tún bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, bóyá ọ̀rá ojú títì ti yọ́ mọ́ sàléńsà, nítorí pé èyí wọ́pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì tó ń dí atẹ́gùn ìta, kí éèsì máa lo atẹ́gùn inú ọkọ̀ nìkan. Òórùn náà rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ mọ́tò bílówà sì parí síbẹ̀, nítorí ó ti hàn pé láti ìta ló ti ń wọlé. Nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, wọ́n nu gbogbo ara rẹ̀ mọ́, wọ́n tún tan án, ọ̀gá náà sì tan tọ́ṣì sí igun ibi tí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìbòrí orí ẹ́ńjìnì, ti pàdé ìbòrí ṣéènì. Ó ṣe díẹ̀ kí ẹ̀kán ọ́ìlì kan tó yọ níbẹ̀. Ó ń dán, ó rọra ṣàn wálẹ̀, bó sì ṣe kan mánífóòdù tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde ni èéfín tín-ín-rín kan sọ sókè. Ó ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ máa ń gbá èéfín yìí lọ sábẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró, yóò gòkè lọ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí éèsì ti ń fa atẹ́gùn.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti wú mi lórí jù lọ ni pé wọn kò fi mọ sórí gásíkẹ́ẹ̀tì, rọ́bà tó ń dí etí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà kí ọ́ìlì má bàa jò, èyí tó ti gbẹ, tó sì ti le bí ike. Ọ̀gá náà yọ fáàfù PCV, ìyẹn fáàfù kékeré tí èémí inú ẹ́ńjìnì ń gbà jáde, ó mì í létí mi, kò sì dún, bẹ́ẹ̀ èyí tó dára gbọ́dọ̀ máa ró gbọngbọn. Ìdọ̀tí dúdú ti dí i pa. Bí fáàfù yìí bá dí, èémí inú ẹ́ńjìnì kò ní rí ibi gbà jáde, yóò sì máa ti ọ́ìlì síta, débi pé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun pàápàá kò ní pẹ́ tí yóò fi tún máa jò. Ó fi fáàfù àtijọ́ rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí ọjà Àràrọ̀mí ní Gate kí wọ́n má bàa ta irú mìíràn fún un. Orí oríkèé méjèèjì tí ìbòrí ṣéènì ti pàdé ẹ́ńjìnì nìkan ló fi ṣílíkónì sí, ó sì rọra di àwọn bóòtù náà kí agbára wọn lè dọ́gba.

Àwọn àléébù wọn náà wà. Wọn kì í kọ rìsíìtì àyàfi tí oníbàárà bá béèrè, èrò sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni pé bẹntiróòlù ni wọ́n fi nu ara ẹ́ńjìnì, tí mi ò sì rí ohun èlò ìpaná kankan nítòsí. Mo sọ fún ọ̀gá náà lójú ara rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó mọ́ báyìí kò yẹ kó wà nínú irú ewu bẹ́ẹ̀.

Òórùn náà ṣì kù díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ kúrò, gẹ́gẹ́ bó ti kìlọ̀ fún mi pé ọ́ìlì tó ti dà sílẹ̀ yóò jó tán ná, lẹ́yìn èyí kò wá mọ́. Owó tí mo san kò tó iye tí wọ́n fẹ́ gbà lórí mọ́tò bílówà nìkan. Bí ó bá jẹ́ òórùn wáyà ni ẹ ń gbọ́, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn: ẹ pa á, ẹ tú orí bátìrì, kí ẹ sì pè wọ́n, nítorí rẹwáyà wọn máa ń wá bá oníbàárà níbi tí ọkọ̀ bá wà.